Either ni àbí both? Ohun tó yẹ kí tọkọtaya yanjú nílé kí wọ́n tó lọ ṣí joint account

Níjọ́ tí èmi àti ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, lọ ṣí joint account, akáǹtì ẹni méjì, ọmọbìnrin tó wà ní kọ́ńtà báǹkì ti gba fọ́tò wa, ó ti tẹ BVN àwa méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà, ó wá yí fọ́ọ̀mù sọ́dọ̀ wa, ó fi bírò tọ́ka sí àpótí kékeré kan nísàlẹ̀, ó ní, "Mummy, either ni àbí both?" Mo wo ojú Bàbá Ìbejì, òun náà wo ojú mi. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi sọ̀rọ̀ báǹkì tó dáa, èyí tí ò jìnnà sí Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, èyí tí app ẹ̀ kì í yọ èèyàn lẹ́nu, a ò fìgbà kankan sọ̀rọ̀ àpótí yìí. Àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn wa ti ń pòṣé. Bàbá Ìbejì bá ní "both", torí pé ó dún létí bí ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ara wọn, ọmọbìnrin náà fàlà sí i, a sáìnì, a lọ. Ó tó ọdún kan ààbọ̀ kí n tó mọ ohun tá a mú lọ́jọ́ náà.

Mò ń kọ èyí fún ẹ̀yin tọkọtaya tẹ́ ẹ ti fẹnu kò pé ẹ fẹ́ máa fowó pamọ́ pọ̀, bóyá ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ ni o, ẹ fẹ́ kan páànù ni o, owó iléèwé ọmọ ni o. Gbogbo ẹni tó bá bi mí, báǹkì wo ló dáa ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ báǹkì ò le, ẹ lè yan ìyẹn lọ́jọ́ kan. Ẹni tó máa sáìnì kówó tó jáde, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ilé ló sì yẹ kẹ́ ẹ ti ṣe é, nígbà tí inú ẹ̀yin méjèèjì dùn tí kò sì sẹ́ni tó ń pòṣé lẹ́yìn yín.

Either to sign, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì lè dá lọ gbowó, kó fi ATM fà á, kó fi fóònù fi ránṣẹ́, kò pọn dandan kó bi ẹnì kejì. Both to sign, ìyẹn ni pé tí ẹnì kan ò bá fọwọ́ sí i, kọ́bọ̀ ò ní jáde. Owó lè wọlé o, ẹnikẹ́ni lè san án wọlé, àtijáde ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ti mú both, ọ̀pọ̀ báǹkì ò ní fún yín ní ATM rárá, wọn ò sì ní ṣí app tàbí kóòdù orí fóònù sí akáǹtì náà, torí ẹ̀rọ tó ń pọwó ò lè mọ̀ bóyá ẹni méjì ló fọwọ́ sí i, PIN kan ṣoṣo ló mọ̀. Inú báǹkì gangan lẹ máa lọ, ẹ̀yin méjèèjì. Ó dáa gan-an fún owó tẹ́ ò fẹ́ kí ọwọ́ yá sí. Kò dáa fún owó tẹ́ ẹ lè nílò láago méjì òru.

Ohun tójú tèmi rí rèé. Bàbá Ìbejì ríṣẹ́ oṣù mẹ́rin ní Abuja, ó ń bá wọn fa wáyà iná sí ilé kan tí wọ́n ń kọ́. Ilé tiwa náà ti dé ìdí òrùlé, pákó ti wà nílẹ̀, káfíńtà ti múra, páànù ló kù. Ẹni tó ń ta páànù fún wa pè mí lọ́jọ́bọ̀ kan, ó ní Ìyá Ìbejì, tẹ́ ẹ bá lè sanwó kó tó di ọjọ́ Ajé, iye àtijọ́ ni màá gbà lọ́wọ́ yín, tó bá ti di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iye tuntun ni o. Mo tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gun ọ̀kadà lọ sí báǹkì. Owó wà nínú akáǹtì, ó pé, ó tiẹ̀ lé. Kaṣíà wo kọ̀ǹpútà, ó ní ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa wá. Mo ní ọkọ mi wà ní Abuja. Mo pè é, mo gbé fóònù sí wọn létí, Bàbá Ìbejì ń sọ látòkèèrè pé òun fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún un. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ mánéjà, àgbàlagbà ni, ó fi fọ́ọ̀mù tá a sáìnì hàn mí, ó ní, "Mà, mi ò lè ṣe é. Ohun tẹ́ ẹ kọ nìyí. Tí mo bá ṣe é fún yín lónìí, lọ́la ẹlòmíì á gbé ohùn ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ ẹ̀ wá sórí fóònù." Òótọ́ ló sọ. Mo jáde, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ATM, owó wa wà nínú ilé tó wà lẹ́yìn mi, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni Bàbá Ìbejì wọ mọ́tò ní Abuja, nígbà tó fi máa dé, wọ́n ti fẹ́ máa ti báǹkì, pẹ̀lú eruku lára ló fi sáìnì. A rówó gbà, a sì rí páànù rà. Àmọ́ tá a bá ṣírò owó mọ́tò àlọ àtàbọ̀, ká fi ọjọ́ mẹ́ta tí ò fi ṣiṣẹ́ kún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọn ì bá fi lé e.

Ẹ má wá tìtorí ìtàn mi sá wọnú either láìronú o. Mo ní kọ́sítọ́mà kan tí mo máa ń ránṣọ fún, either lòun àti ọkọ ẹ̀ mú, ATM kan ṣoṣo ni báǹkì fún wọn, ọwọ́ ọkọ ló wà, nọ́ńbà fóònù ọkọ nìkan ni wọ́n sì kọ sílẹ̀ fún alẹ́ẹ̀tì. Àbúrò ọkọ kó sí gbèsè, wọ́n fẹ́ fọlọ́pàá mú un, ọkọ fa owó jáde láti gbà á sílẹ̀, ó ní lọ́kàn ara ẹ̀ pé kó tó di ìparí oṣù òun á ti dá a padà. Èèyàn dáadáa ni ọkùnrin náà, kì í ṣe olè. Àmọ́ ìparí oṣù dé, kò lè dá a padà, oṣù kejì dé, kò lè sọ ọ́, ìgbà tí ìyàwó lọ sí báǹkì pé kí wọ́n bá òun wo iye tó wà ńbẹ̀ kóun lè san owó ilẹ̀ ló rí i pé owó ọdún méjì ti di owó oṣù mẹ́ta. Ohun tó dun obìnrin yẹn jù kì í ṣe owó. Ó ní gbogbo oṣù méjì yẹn lòun ń san tòun wọlé, tí ọkọ òun sì ń kí òun pé kú iṣẹ́.

Torí náà, yálà either ni o, both ni o, nọ́ńbà fóònù ẹ̀yin méjèèjì ni kí wọ́n kọ sórí alẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá ní ẹnì kan ṣoṣo làwọn lè kọ, ẹ béèrè alẹ́ẹ̀tì ti email fún ẹnì kejì. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2025, ₦6 ni alẹ́ẹ̀tì orí fóònù kan, kó jẹ́ ẹni méjì ló ń gbà á, ₦12 nìyẹn. Ẹ san án. N ò rí owó tó dáa ju ìyẹn lọ téèyàn lè san fún àlàáfíà ilé.

Bí àwa ṣe wá ṣe é ni pé a sọ ọ́ di akáǹtì méjì. Ọ̀kan ńlá, both to sign, owó ilé àti owó iléèwé gíga àwọn ọmọ ló ń lọ síbẹ̀, kò ní ATM, kò ní app, bá a sì ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ọ̀kan kékeré, either to sign, a fẹnu kò pé kò gbọ́dọ̀ ju ₦150,000 lọ, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ká kó ìyókù lọ sínú èyí ńlá. Nínú kékeré yìí náà, ẹni tó bá fẹ́ fa ohun tó ju ₦20,000 lọ á kọ́kọ́ pe ẹnì kejì, àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọsibítù tí fóònù ò sì lọ, ìyẹn, kó fà á, kó sọ tó bá yá. Òru ọjọ́ kan, ara Kẹ́hìndé gbóná bí iná, Bàbá Ìbejì ò sí nílé, èmi nìkan ni mo pọ̀n ọ́n lọ, káàdì akáǹtì kékeré ni mo fi sanwó káàdì ọsibítù, owó tẹ́ẹ̀sì àti owó òògùn, ilẹ̀ mọ́ kí n tó pè é. Ká ní both nìkan la ní ńkọ́? Iye tiyín lè yàtọ̀, ẹ gé e bó ṣe bá àpò yín mu, ẹ ṣáà kọ ọ́ sórí ìwé, kẹ́ ẹ sì kọ déètì sí i, torí nǹkan téèyàn fẹnu sọ lọ́dún tó kọjá, kálukú ló máa ń rántí ẹ̀ bó ṣe wù ú.

Bí ẹ ṣe máa dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ṣe pàtàkì. Ẹ má dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ tówó tán nílé, ẹ má dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá ọkọ tàbí àbúrò ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè owó, torí ẹni tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ fún á rò pé òun lẹ ń bá wí. Èmi, ọjọ́ Sunday lẹ́yìn oúnjẹ ni mo sọ ọ́, ohun tí mo sọ kò ju pé, "Bàbá Ìbejì, tí mo bá kú lónìí, báwo lẹ ṣe máa rówó yìí gbà?" Ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní mo sọ ọ́ náà, ẹ dá mi lóhùn. Orí ara mi ni mo gbé e lé, mi ò gbé e lé tiẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó jókòó gbọ́ ọ.

Lórí iye tí kálukú máa dá, n ò fara mọ́ iye kan náà, àfi tówó tó ń wọlé fún yín bá dọ́gba. Ẹni tó ń gba ₦150,000 mú ₦30,000, ẹni tó ń rí ₦60,000 mú ₦30,000, ẹ ò rí i pé ìdajì owó ẹnì kejì ló lọ yẹn. Kí kálukú mú ìdá kan nínú márùn-ún: ẹni ₦150,000 á mú ₦30,000, ẹni ₦60,000 á mú ₦12,000, ìyẹn ₦42,000 lóṣù, ó di ₦504,000 lọ́dún, kò sì sẹ́ni tó máa rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Tó bá jẹ́ ọjà lẹ ń tà, tàbí oko lẹ ń ṣe, ẹ má fi oṣù ká a. Ẹni tó ń ra káṣù, owó ẹ̀ nínú oṣù kẹta ò lè dà bíi ti oṣù kẹsàn-án, kó yáa dá púpọ̀ lásìkò káṣù, kí wọ́n sì mọ̀ pé ìgbà òjò á fúyẹ́. Kí kálukú sì ní akáǹtì tiẹ̀ lọ́tọ̀ o, owó aṣọ ẹbí, owó tẹ́ ẹ fi ń ki ìyá yín nílé, owó ìtajà, ìyẹn kì í ṣe owó àjọní, kò yẹ kẹ́ni tó fẹ́ ra bàtà máa lọ gbàṣẹ.

Àwọn kan á ní ṣebí àjọ wà. Mo ń dá àjọ, mi ò tíì fi í sílẹ̀. Ìyá kan ló ń gbà á yípo ṣọ́ọ̀bù wa láràárọ̀, owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni tiẹ̀, kò sí èlé kankan níbẹ̀, àmọ́ ó ń bá mi kó owó kéékèèké tí ì bá dà sórí búrẹ́dì àti mínírà. Tóṣù bá parí, mo mú ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí mo rí lóṣù náà kúrò nínú ẹ̀ lọ sí àpò ńlá. Ẹ lè fi àjọ kó owó jọ. Ẹ má fi owó ilé ọdún márùn-ún sọ́wọ́ ẹnì kan tó jẹ́ pé tó bá ṣàìsàn, ìwé tó fi ń kọ ọ́ ló kù.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ orúkọ, torí òun ló ń dá àwa obìnrin padà ní kọ́ńtà jù. BVN tí a ṣe nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́dún 2014 sí 2015, orúkọ bàbá ẹni ni ọ̀pọ̀ wa fi ṣe é. Nígbà tá a wá ṣe NIN, a ti lọ́kọ, orúkọ ọkọ la fi ṣe é. Méjèèjì ò bára mu, kọ̀ǹpútà báǹkì ò sì mọ̀ pé ìwọ kan náà ni. Láti ọdún 2024 sì ni CBN, báǹkì àpapọ̀ ìjọba, ti ní kí wọ́n dá akáǹtì tí BVN àti NIN ò bá sí lórí ẹ̀ dúró. Torí náà, kẹ́ ẹ tó lọ, kí kálukú gbé BVN àti NIN ẹ̀ síwájú, kó ka orúkọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó wo ọjọ́ ìbí. Ẹ lè fi láìnì tẹ́ ẹ fi ṣe BVN tẹ *565*0# láti rí nọ́ńbà ẹ̀. Tí orúkọ bá yàtọ̀, ẹ máa nílò sátífíkéètì ìgbéyàwó, àwọn báǹkì kan á tún ní kẹ́ ẹ gbé ìyípadà orúkọ sínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀yin tó jẹ́ yìgì tàbí ìgbéyàwó ìdílé nìkan lẹ ṣe, tí ẹ ò lọ sí rẹ́jísírì, ẹ lọ búra ní kóòtù kẹ́ ẹ gba affidavit, kẹ́ ẹ sì bi báǹkì bóyá ìyẹn tó wọn. Ẹ ṣe gbogbo èyí tán kẹ́ ẹ tó lọ jókòó síwájú ọmọ báǹkì, torí ẹnì kan á wá láti ibi iṣẹ́, ẹnì kan á ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì dá ẹ̀yin méjèèjì padà nítorí lẹ́tà H kan ṣoṣo.

Irú akáǹtì wo? Savings ni kẹ́ ẹ ṣe, ẹ má ṣe current àfi tẹ́ ẹ bá ń ṣòwò pọ̀. Current máa ń béèrè àwọn tó máa ṣe rẹ́fúrẹ́ǹsì fún yín, wọ́n lè gé ₦1 lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, kì í sì í sábà mú èlé wá. Savings ń mú èlé wá. CBN ló sọ ọ́ lọ́dún 2022 pé èlé orí savings ò gbọ́dọ̀ dín sí 30% iye tí wọ́n ń pè ní MPR, ìyẹn èlé tí CBN fúnra ẹ̀ fi lélẹ̀ tí àwọn báǹkì ń wò. Nígbà tí MPR wà ní 27.5% nínú ọdún 2025, ìyẹn jẹ́ 8.25% lọ́dún, ₦82,500 lórí ₦1,000,000. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báǹkì pé èló làwọn ń san lónìí, kí wọ́n fi hàn yín lórí ìwé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ báǹkì, tówó bá ti jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóṣù, èlé oṣù náà ti lọ, ìdí mìíràn nìyẹn tí àpò ńlá fi yẹ kó dá dúró láìsí káàdì. Tówó bá ti pọ̀ tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò ní fọwọ́ kàn án fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, ẹ lè gbé e sínú fixed deposit lórúkọ ẹ̀yin méjèèjì, ìjọba á yọ 10% nínú èlé ẹ̀.

Báǹkì wo wá ni? Tẹ́ ẹ bá ti mú both, ẹ mú èyí tó ní ẹ̀ka ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí ẹ̀yin méjèèjì lè rìn dé nígbà ìsinmi ọ̀sán, ẹ má lọ ṣí i ní Ìlọrin torí pé ẹ̀gbọ́n yín ń ṣiṣẹ́ ńbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá NDIC, àjọ ìjọba tó ń san owó oníbàárà tí báǹkì bá kógbá wọlé, ń dáàbò bò ó. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, ₦5,000,000 ni NDIC máa san fún ẹnì kan tí báǹkì ńlá bá kógbá wọlé, ₦2,000,000 ni ti báǹkì microfinance, tẹ́lẹ̀ ₦500,000 àti ₦200,000 ni. Kò ju bí oṣù kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank, oṣù kẹfà ọdún náà, BVN ni NDIC fi wá akáǹtì tí àwọn oníbàárà ní ní báǹkì mìíràn, tí wọ́n sì san owó wọn síbẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ BVN tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Tówó yín bá ti ń lọ sí iye tí NDIC dá lé, ẹ pín in sí báǹkì méjì.

Ibi tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ikú, mo sì mọ̀ pé àwa Yorùbá kì í fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kú, gbogbo owó wọn wà nínú akáǹtì orúkọ ọkọ nìkan. Ìyá náà ti fi ọdún mọ́kàndínlógún ta ẹ̀lùbọ́ kó owó sínú akáǹtì yẹn, òun ni wọ́n sì kọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ next of kin. Ó kó ìwé sínú láílọ́ọ̀nù dúdú kan, ìwé ikú, fọ́tò ọkọ, ìwé pélébé tó fi ń san owó wọlé, díẹ̀ ti fàya, inki ẹ̀ ti ṣá, ó jókòó ní báǹkì láti àárọ̀, ó ń tò wọ́n sórí itan. Wọ́n sọ fún un pé next of kin kì í ṣe ajogún. Òfin nìyẹn lóòótọ́, ẹni tí wọ́n á kàn sí ni next of kin, kì í ṣe ẹni tó ni owó. Wọ́n ní kó lọ gba letter of administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun tí òkú fi sílẹ̀, ní ilé ẹjọ́ gíga, ìyẹn sì ń gba owó, ó ń gba oṣù, wọ́n á gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá fẹ́ takò ó lè jáde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ ẹ̀, àwọn ọmọ ló ń jogún, bóyá ìdí igi ni wọ́n fi pín in ni o, orí ò jorí ni o. Ti Mùsùlùmí, tí ọmọ bá wà, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó, tí wọ́n bá pé mẹ́rin, wọ́n á jọ pín ìdá kan yẹn ni. Owó ẹ̀lùbọ́ ọdún mọ́kàndínlógún di ogún bàbá. Àánú àwọn ọmọ ọkọ ẹ̀ ló fi rí díẹ̀ gbà.

Ẹ má ro pé joint account nìkan ti yanjú ìyẹn. Tí ẹnì kan bá kú, báǹkì lè ti akáǹtì náà pa kí wọ́n ní kí ajogún òkú wá, àfi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú àdéhùn látilẹ̀ pé ẹni tó bá kù láyé ni owó jẹ́ tiẹ̀. Wọ́n ń pè é ní survivorship, àwọn báǹkì kan á kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé "either or survivor". Ẹ bi wọ́n ní tààrà pé: tí ọ̀kan nínú wa bá kú, kí lẹ máa béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì? Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín. Tí fọ́ọ̀mù ò bá ní in, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ̀yin méjèèjì ẹ sáìnì, kí wọ́n fi stáǹpù lu ẹ̀dà tiyín. Tí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ, tàbí tí ọmọ bá wà níta, ẹ lọ rí lọ́yà ṣe ìwé ìhágún, torí àwọn yẹn lè pe lẹ́tà báǹkì lẹ́jọ́. Kẹ́ ẹ sì máa kọ iye tí kálukú dá lóṣooṣù sínú ìwé kan. Tiwa, ìwé exercise ọmọ ni, ìlà àárín ló pín in, tèmi lápá òsì, tiẹ̀ lápá ọ̀tún.

Ìjà náà ń dé. Tẹ́ ẹ bá wà lórí either tí ẹ sì rí i pé ẹnì kan fẹ́ kó owó lọ, ọ̀pọ̀ báǹkì á dá akáǹtì dúró tí ẹnì kan nínú yín bá kọ̀wé sí wọn pé ìjà wà, títí ẹ̀yin méjèèjì á fi jọ wá. Ẹ béèrè ìyẹn náà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń ṣí i. Láti yí either padà sí both, tàbí both sí either, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa sáìnì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹ mú èyí tó dáa látìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, kí kálukú mú fọ́tò pélébé méjì, káàdì ìdánimọ̀ tí kò tíì kú, NIN, BVN, pẹ̀lú bíìlì iná tàbí omi tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Tó bá jẹ́ ilé káàdì iná lẹ ń gbé, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n á gbà dípò bíìlì. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé, ẹ má sì lọ ní ìparí oṣù tí àwọn òṣìṣẹ́ LAUTECH àti ti ìjọba bá ti gbowó. Ẹ sáìnì bí ẹ ṣe lè sáìnì lọ́dún mẹ́wàá sí i, ẹ má ṣe ọ̀nà tó ní òdòdó tí ọwọ́ yín ò ní lè tún ṣe. Ẹ san ₦5,000 wọlé, kẹ́ ẹ dúró kí alẹ́ẹ̀tì wọ fóònù ẹ̀yin méjèèjì kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ padà lọ gba ₦1,000 níbẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe máa gbà á tí ọjọ́ bá le, ẹni méjì tó bá jẹ́ both, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ tó bá jẹ́ either, kẹ́ ẹ lè rí i bóyá ohun tẹ́ ẹ sọ ni wọ́n tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí àwa ṣe é, orúkọ mi ni wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì dípò tèmi àti ti Bàbá Ìbejì, ₦1,000 yẹn la fi mọ̀. Ẹ gba fọ́tòkọ́pì fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ sáìnì, kẹ́ ẹ fi sínú báàgì tí ìwé ilẹ̀ yín wà, kẹ́ ẹ sì sọ fún àkọ́bí yín, tó bá ti dàgbà tó, pé ibẹ̀ ló wà.